Ọ̀nà Àtijọ́ sí Lucena

Araceli tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó fi ife kọfí tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ká a, ó sì dojú kọ iṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe tuntun sí i. Àwọn àlejò tó wá wo Córdoba ni ó máa ń ṣètò ìrìnàjò àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀ fún. Ó mọ ẹni tó yẹ kó gun òkè lọ sí ilé olódi Almodóvar, ó sì mọ ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ní gbà fún un. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí oòrùn àárọ̀ kì í dé, ó mọ ìlú tí wọ́n máa ń ti gbogbo ìlẹ̀kùn pa lọ́sàn-án, ó sì mọ ibi tí ebi yóò ti pa èrò kí ebi náà tó dé. Ìbáà jẹ́ arúgbó, ìbáà jẹ́ ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fi agídí mú wá, kò sí èrò tí kò lè mú jáde lówùúrọ̀ kó sì dá a padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àmọ́ èrò tòní yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aláìmọṣẹ́. Doña Brígida ni, ìyá Eloy, ọkùnrin tí Araceli fẹ́ fẹ́. Lucena tí wọ́n ti bí Araceli ni ó fẹ́ mú ìyá náà lọ, Lucena ò sì jìnnà. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Córdoba lè débẹ̀ kí oúnjẹ náà tó dà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí Eloy ti di awakọ̀, ìyá rẹ̀ kò tíì fi Córdoba sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Bàbá Araceli, Don Fermín, tó ń fi idẹ rọ fìtílà ní Lucena, ti sọ tirẹ̀ ní àsọtán. "Nílé tiwa," ni ó wí, "ìyá ọkọ ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ. Ìyá mi wá sílé ìyá rẹ, ìyá tirẹ̀ náà lọ sílé èèyàn. Bí obìnrin yẹn ò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mi, ẹ máa ṣe ìgbéyàwó yín. Ẹ má retí mi nílé ìjọsìn."

Araceli mọ bàbá rẹ̀. Idẹ máa ń rọ̀ bí ó bá rí iná, ọkàn bàbá rẹ̀ kì í rọ̀.

*

Ọkọ̀ ló mú Araceli àti Eloy pàdé. Ọkọ̀ kékeré kan tí Eloy fi owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rà ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kó èrò Araceli, ó gba ìwé ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ń wakọ̀ tipẹ́, o ò rí i, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó rántí pé awakọ̀ náà máa ń tọ̀."

"Awakọ̀ tí kò bá ráyè tọ̀ á máa sáré bí wèrè," ni Araceli dáhùn. "Èrò mi ni mò ń ṣàánú, kì í ṣe ìwọ."

Eloy rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ìdí tí yóò fi tètè dé lówùúrọ̀, Araceli náà sì ń wá ìdí tí yóò fi pẹ́ lọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ti dá èrò padà tán, wọn á jókòó sí etí odò, wọn á máa sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà bí ẹni ń tú aago palẹ̀: ibi tó lọ dáadáa, ibi tó há, ohun tí wọ́n á tún ṣe. Ìfẹ́ wọn kò bọ́ látọ̀run bí mànàmáná. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, tí wọ́n ń tún un ṣe, títí ó fi dúró.

Ìgbà tí Eloy mú un dé ilé ìyá rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ilé àtijọ́ ni, ní àdúgbò San Basilio, tí àgbàlá wà láàárín rẹ̀. Araceli dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìkòkò òdòdó bo ògiri láti ilẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé, pupa, funfun, àwọ̀ àlùkò, gbogbo wọn gún régé bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Doña Brígida dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n so agolo mọ́ lórí. Ó ń bu omi, ó ń gbé e sókè, ó ń da á sínú ìkòkò tó ga jù lọ, kò sì sí ẹ̀kán kan tó kan ewé.

"Ìwọ ni ọmọ tí ń lé àlejò jáde ní ìlú wa?" Ìyá náà kò tilẹ̀ yíjú.

"Mà?"

"Èèyàn ti òkè òkun wá, ó ní Córdoba lòun fẹ́ wò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, o ti kó o sọ́kọ̀, o ní kó lọ wo wàràkàṣì ní Zuheros. Kí ni Córdoba fi ṣe ẹ́?"

"Brígida!" Tía Remedios ló pariwo láti ojú fèrèsé òkè, aládùúgbò tí òun àti ìyá náà jọ ń lo àgbàlá. "Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó ná kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́."

"Ẹ má bínú, mà," ni Araceli wí. "Nírọ̀lẹ́, mo máa ń dá wọn padà fún yín. Ẹni tó bá ti rí ibòmíràn ló máa ń mọ ohun tó fi sílẹ̀ nílé."

Doña Brígida sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹnu rẹ̀ mú," ló sọ fún Eloy, bí ẹni pé Araceli ò sí níbẹ̀. "Èé ṣe tó fi jẹ́ ọmọ Lucena?"

*

Tía Remedios ló wá di alárinà. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ Don Fermín lọ fún Doña Brígida, tó sì ń gbé èsì bọ̀ wá fún Araceli lórí àga ilé kọfí, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn àti búrẹ́dì olóróró ólífì tí Araceli ń sanwó rẹ̀.

"Mo ní kó wá ní oṣù karùn-ún. Ó ní oṣù karùn-ún ni ìdíje àgbàlá, gbogbo ayé ló ń wọlé wá wò ó. Mo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ó ní ṣé mo fẹ́ kí oòrùn jó òdòdó òun ni. Ìgbà òtútù? Ó ní yìnyín. Mo ní lẹ́yìn yìnyín ńkọ́? Ó ní ìgbà yẹn lòun ń kun ògiri lẹ́fun."

"Ọdún ti tán nìyẹn, Tía."

"Mo mọ̀ pé ọdún ti tán, ọmọ mi. Èmi ni mo kà á fún un."

Ọkàn Araceli kò balẹ̀ mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òdòdó ló ń dí òun lọ́wọ́ ni tàbí ìyá náà kò fẹ́ òun rárá. Ó tún ń bi ara rẹ̀ pé ọkùnrin tí kò lè mú ìyá rẹ̀ kúrò lójú àgbàlá, ṣé yóò lè mú ìyàwó jáde nílé bàbá rẹ̀? Ní ọjọ́ kan ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá mi ni, Araceli," ni Eloy wí. "Kò ní ẹlòmíràn."

"Ṣé mo ní kí o jù ú sódò ni? Mo ní kí o bá a sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá a sọ ọ́. Bí mo bá ti dárúkọ ọkọ̀, á ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí odò láìsọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Lópin òtútù, Tía Remedios fi ọgbọ́n àti èébú mú ìyá náà gbà. Don Fermín pa àgùntàn. Àwọn àbúrò ìyá Araceli ti kóra jọ. Doña Brígida wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó dára jù, ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, Eloy sì gbéra. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá afárá ni, wọ́n ń yí ní ráńdábáòtù, nígbà tí igbe ta lẹ́yìn.

"Omi! Mi ò ti ẹ̀rọ omi! Eloy, dá mi padà, àgbàlá á ti kún!"

Wọ́n padà. Ẹ̀rọ omi náà gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Doña Brígida ní ó ti rẹ òun, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Eloy jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di orí mú. Fóònù Araceli dún.

"Sọ fún un," ni Don Fermín wí láti Lucena, "pé ẹran ti tutù." Ó sì pa á.

Eloy rò pé Araceli yóò bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Araceli ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí ìyá náà tì. Ní ráńdábáòtù yẹn ó ti bojú wẹ̀yìn. Ó ti rí òógùn tó yọ létè Doña Brígida láìsí ooru, ó ti rí bó ṣe ń gbé itọ́ mì, tó sì di etí ìjókòó mú bí ẹni wà lójú omi. Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Àìmọye èrò ló ti ní irú rẹ̀ ní ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ tó lọ sí Zuheros, ó sì máa ń ní àpò oníke fún wọn.

*

Araceli mú sùúrù títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá sí San Basilio nìkan. Ó ní kí ìyá náà kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bomi rin òdòdó.

"O máa já ìkòkò mi bọ́."

"Bí mo bá já ọ̀kan bọ́, ẹ lé mi."

Doña Brígida gbé ọ̀pá náà fún un. Iṣẹ́ náà le ju bó ti rò lọ. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí omi tó bá ṣẹ́kù tó kán sílẹ̀ lè bọ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Wọn kì í da omi sórí ewé, ẹnu agolo gbọ́dọ̀ kan iyẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó yí ọwọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìkòkò ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìyá náà sì mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ìwà ọmọ. Araceli ń ṣe é, ẹnu ń yà á. Ó ronú pé bí òun bá mọ èrò òun tó báyìí, òun ì bá ti di ọ̀gá ní gbogbo ẹkùn Andalusia.

Ìgbà tí wọ́n dé ìlà ìsàlẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Màmá, ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi kọ́."

Doña Brígida gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú yín ni, mà. Ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun, mo mọ ojú ẹni tí èébì ń gbé."

Doña Brígida jókòó lórí àga koríko. "Ọmọ mi ní awakọ̀ lòun. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn, o ò rí bó ṣe ń nù ún, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ṣé kí n wá bì sínú rẹ̀? Lójú àna mi?"

"Ṣé kò mọ̀ rárá?"

"Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba ìwé ọkọ̀, ó ní èmi ni òun máa kọ́kọ́ gbé. Ó gbé mi gun òkè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ilé ìjọsìn, mo fẹ́ gbàdúrà, kó máa lọ. Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni mo bì sí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé." Ó nu imú. "Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá òun fẹ́ràn àdúrà."

Araceli fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò lè dá a dúró, ẹ̀rín bú jáde. Ìyá náà wò ó bíi pé ó fẹ́ gbá a létí, lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Tía Remedios fi yọjú láti òkè pé kí ló dé.

"Kò kàn ẹ́!" Doña Brígida dá a lóhùn. Ó yí sí Araceli. "Eloy ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Kò ní gbọ́ lẹ́nu mi, mà. Ẹ ṣáà fún mi láyè kí n ṣiṣẹ́ mi."

*

Ìdí tí máàpù fi wà lórí tábìlì nìyẹn. Araceli fi ìka tọ ọ̀nà ńlá tó lọ sí Lucena tààrà. Ó yá, ó tẹ́jú, kò sì sí ibi tí èèyàn lè sọ̀ láìsọ ìdí. Ó gbé ìka kúrò níbẹ̀. Ó gbé e sórí ọ̀nà àtijọ́, èyí tó ń gba inú ìlú kọjá sí inú ìlú. Ohun tó ń wá ni ibi ìdúró, tí ìdúró kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìdí tó ṣeé sọ lójú gbogbo èèyàn. Ní Fernán Núñez, ààfin wà tó yẹ kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn yí ká. Ní Montilla, wọ́n gbọ́dọ̀ ra wáìnì, nítorí èèyàn kì í lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òfo. Gbàgede onígun mẹ́jọ wà ní Aguilar, tí èèyàn lè jókòó mu tíì. Monturque sì wà lórí òkè, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun àti Eloy lọ yẹ ọ̀nà náà wò. Igi ólífì wà lọ́tùn-ún àti lósì, ìlà lórí ìlà, títí dé ibi tí ojú ò tó mọ́.

"Ìjókòó iwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni màmá máa jókòó," ni Araceli wí. "Oòrùn àárọ̀ ò ní dé ibẹ̀. Ibi kọ̀rọ̀ yìí, rọra. Bí ẹni gbé ẹyin."

"Ta là ń gbé, bíṣọ́ọ̀bù?"

"Ó ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Lọ́fínńdà tó ń rọ̀ níwájú yìí ńkọ́, yọ ọ́."

"Èrò fẹ́ràn rẹ̀!"

"Èrò ń purọ́ fún ẹ. Yọ ọ́."

Eloy yọ ọ́, ó sì wò ó. "Màmá mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ, o sì ń ṣe gbogbo èyí fún un."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò fẹ́ràn mi?" Araceli wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Eloy mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì wakọ̀ jẹ́jẹ́.

*

Lẹ́yìn òjò ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin tó rin àwọn ìkòkò gbingbin, wọ́n gbéra. Doña Brígida ti jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀, ó jókòó síwájú, ó gbé ojú sókè sí ọ̀nà bí Araceli ti kọ́ ọ. Ní Fernán Núñez ó rìn yí ààfin ká, ó ní àwọn tó gbin òdòdó ibẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Ní Montilla ojú rẹ̀ ti fẹ́ funfun, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ti dúró sójú ọ̀nà, tó sì bá olówò wáìnì ná ọjà títí ọkùnrin náà fi júbà, ẹ̀jẹ̀ padà sí i lójú. Araceli dúró lẹ́yìn, ó ń wò ó. Kò rí èrò tó nígboyà báyìí rí: ara ń kọ̀, ẹnu ń ná ọjà.

Aguilar ni ọ̀ràn ti fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n jókòó ní gbàgede, tíì ń tutù, fóònù dún. Don Fermín ni. Eloy gbọ́, ó sì fò dìde.

"Wọ́n ní ṣé àwa tún ti padà ni! Araceli, ìdúró yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ńlá, ìṣẹ́jú díẹ̀ la máa fi dé."

Bí Araceli bá sọ òtítọ́, ó ti dalẹ̀ ìyá náà. Bí ó bá dákẹ́, Eloy yóò sáré, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá yẹn, ojú gbogbo èèyàn ló ti máa ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìyẹn, tó ti ṣetán láti bínú. Òun nìyí, ẹni tó ń fi ètò ṣe ìgbéraga, tí ètò fẹ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Doña Brígida gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ẹnu.

"Eloy."

"Màmá?"

"Wakọ̀ bí ìyàwó rẹ ṣe ní kí o wà á."

Eloy wo ìyá rẹ̀, ó wo Araceli. Ẹnì kankan ò tíì pe Araceli bẹ́ẹ̀ rí, pàápàá jù lọ obìnrin yìí. Ó jókòó padà. Wọ́n mu tíì wọn tán, wọ́n gun Monturque, wọ́n gba atẹ́gùn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wọ Lucena jẹ́jẹ́.

Don Fermín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá. "Ẹ pẹ́," ló wí.

"A pẹ́," ni Doña Brígida dáhùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, aṣọ dúdú rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. "Ìlú yín ló pọ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì dára. Ọmọ yín kò jẹ́ kí n sáré kọjá ọ̀kankan." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kọjá ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni Brígida, ìyá Eloy. Ilé mi ní òdòdó tó pọ̀, kò sì ní ọmọbìnrin. Ti yín ni mo wá tọrọ."

Don Fermín tú apá rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jókòó, Doña Brígida," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹran ṣì gbóná."

Wọ́n jẹun. Doña Brígida fi ẹ̀gbà wúrà bọ Araceli lọ́wọ́, Don Fermín sì so aago mọ́ Eloy lọ́rùn ọwọ́. Ìgbà tó kù kí wọ́n dá ọjọ́, Don Fermín yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ, nítorí Tía Remedios ti ròyìn ọ̀rọ̀ òdòdó fún un.

"Mo gbọ́ pé ó nira fún yín láti fi àgbàlá sílẹ̀. Àwa lè wá sí Córdoba fún ìgbéyàwó náà, a ò ní bínú."

Eloy ti ń mi orí sókè, sísàlẹ̀. Araceli ń wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ó tì o," ni Doña Brígida wí. Ó fa àwo ẹran náà sún mọ́ra, ó sì bu kún tirẹ̀. "Ìlú ìyàwó ni wọ́n ti ń gbé ìyàwó. A ó wá."